Àpótí Mọ́kànlá Ọ̀gá Ìràwọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka àpótí náà, nítorí ẹni tó ni wọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé iye wọn. Mọ́kànlá ni. Pupa ni gbogbo wọn, onítáyà mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n fi àwọ̀ góòlù kọ nọ́ńbà sí wọn lára láti orí kìíní dé orí ìkọkànlá, wọ́n sì kọ oyè ọ̀gá náà sábẹ́ nọ́ńbà: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìràwọ̀ Hòtẹ́ẹ̀lì, Ìgbádùn Àlejò àti Ìmọ́tótó Ibùsùn. Oyè náà gùn débi pé kò gba ara àpótí kìíní, tó kéré jù. Ibi "Ìmọ́tótó" ló parí sí lára ìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gé e kúrú, wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Ìràwọ̀. Tó bá ti kẹ́yìn sí wọn, Àpótí Mọ́kànlá ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo hòtẹ́ẹ̀lì, kó sì pinnu iye ìràwọ̀ tó tọ́ sí i. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sùn sílé onílé yẹ kó mọ̀ bóyá ìdun wà nínú bẹ́ẹ̀dì tàbí kò sí. Ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ yìí ló wà ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ìràwọ̀ gbà pé ojú ẹnikẹ́ni ò mọ́ tó tòun, nítorí náà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta ló ń lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń pè é ní àyẹ̀wò. Ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n ń ta ayò lórí fóònù.

Lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Ẹtì, á pe wọ́n jọ sẹ́nu ọ̀nà láti dágbére.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ni yóò wí, "ilé yín lẹ ń lọ lónìí. Ẹ ń lọ nà sórí bẹ́ẹ̀dì tó ti mọ̀ yín. Èmi ńkọ́? Orí bẹ́ẹ̀dì àjèjì ni mò ń lọ. Ẹ̀yìn ara mi ni mo fẹ́ fi wádìí fún gbogbo ìlú. Tí mo bá sùn dáadáa, ìlú sùn dáadáa. Tí ẹ̀yìn bá dùn mí, ẹ mọ̀ pé nítorí yín ni."

Ibí yìí ni akọ̀wé rẹ̀ máa ń sunkún. Ọkùnrin tínínrín ni, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí ìtẹríba, ó sì ní áńkáṣíìfù kan tó yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ Ẹtì nìkan. "Ọ̀gá, ẹ̀yìn yín ni òpó tó gbé ìlú dúró," ni yóò wí, gbogbo wọn á sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò láti kó àpótí sínú ọkọ̀. Ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ló ń gbé nọ́ńbà kọkànlá. Akọ̀wé ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n ṣe ń gbé e, bí ẹni pé ẹrù náà fẹ́ já wọn lápá.

Nítorí kò wúwo. Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ fún yín: òfìfo ni àpótí mọ́kànlá náà tí wọ́n bá ń lọ. Inú báàgì aláṣọ kan tó máa ń wà léjìká ìyàwó ọ̀gá ni aṣọ gbogbo ìdílé ń wà. Ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ń bọ̀, ni àpótí máa ń kún. Aṣọ ìnura, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí, ọṣẹ, tíṣù, sílípáàsì, kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi, ohunkóhun tí wọn ò bá fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nílé wọn, kò sí aṣọ ìnura kan tí kò ní orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì lára. Àkọ́bí wọn ń sùn sórí aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan, ó ń fi ti òmíràn bora, ìrọ̀rí rẹ̀ wá láti ibòmíì. Ìbátan wọn kan tó ti dàgbà wá sùn sọ́dọ̀ wọn nígbà kan, ó jí láàárọ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìrọ̀rí, ó sì bi ìyàwó ilé pé aago mélòó ni àlejò gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá.

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé. Tó bá ti kó aṣọ ìnura wọn tán lọ́jọ́ Àìkú, lọ́jọ́ Ajé á kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé aṣọ ìnura hòtẹ́ẹ̀lì náà kò tó, á sì yọ ìràwọ̀ wọn kan.

Ohun tó ṣe fún hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá adágún omi nìyẹn. Ilé alájà mẹ́rin ni, ìràwọ̀ idẹ mẹ́rin ló sì wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó di pé ọkùnrin yìí sùn síbẹ̀. Ó kó aṣọ ìnura mẹ́rìnlá, aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà àti kẹ́tù kan lọ. Lọ́sẹ̀ kejì ó padà dé pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀ àti sukudiráfà, ó gun àkàbà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú ìràwọ̀ kan, ó sì sọ̀rọ̀ láti òkè níbẹ̀. "Ibi tí àlejò ò ti rí aṣọ nura," ó ní, "ìràwọ̀ wo ló fẹ́ máa tàn níbẹ̀?" Akọ̀wé tó ń di àkàbà mú fi í sílẹ̀ kó lè rọ́wọ́ pàtẹ́wọ́, díẹ̀ ló sì kù kí ọ̀gá já bọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Máníjà hòtẹ́ẹ̀lì náà kò lè bi òṣìṣẹ́ ìjọba léèrè ọ̀rọ̀, ló bá yíjú sí ẹni tó lè bi. Ẹni náà ni Ìyá Alágbàfọ̀, olórí yàrá ìfọṣọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò níbẹ̀, ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì. Aṣọ tuntun kì í wọ hòtẹ́ẹ̀lì náà kó má fi òwú búlúù rán àmì kékeré sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀, kó lè dá a mọ̀ níbikíbi tó bá ti rí i. Máníjà kọ lẹ́tà fún un: tí aṣọ kan ṣoṣo bá tún sọnù, kó máa lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Mi ò jí abẹ́rẹ́ rí níbí," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

"Mo mọ̀, Màmá," ni máníjà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ."

Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, ó fi sínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe ebi ló ń bà á lẹ́rù jù. Ohun tó ń dùn ún ni pé lẹ́yìn tóun ti fi ọdún mọ́kàndínlógún fọ ìdọ̀tí ẹlòmíì, bí olè ni wọ́n fẹ́ ṣe lé òun jáde.

Nígbà tó ṣe, ariwo àwọn ohun tó ń sọnù ní hòtẹ́ẹ̀lì dé etí Mínísítà. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ni Mínísítà yìí, ogún ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó dé ipò náà. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Ìràwọ̀, ó bi í pé, "Níbo ni aṣọ wọn ń gbà lọ?"

Ẹlòmíì ì bá ti máa gbọ̀n. Ọ̀gá Ìràwọ̀ dìde dúró, ó di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní àwọn àlejò ti bàjẹ́. Ó ní ẹkún ni kì í jẹ́ kóun rí oorun sùn lórí àwọn bẹ́ẹ̀dì tóun ń yẹ̀ wò. Ó ní òun máa ṣe òfin kan tí olè á gbọ́ tí á sá fún òjìji ara rẹ̀. Mínísítà kọ ìlà kan sínú ìwé rẹ̀, ó ní ó dáa.

Òfin Òṣùwọ̀n ló pè é. Gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ gbé òṣùwọ̀n ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà. Tí àlejò bá wọlé, kí wọ́n wọn ẹrù rẹ̀, kí wọ́n kọ iye kílò rẹ̀ sára páálí kékeré, kí wọ́n so ó mọ́ ẹrù náà. Tó bá ń jáde, kí wọ́n tún un wọ̀n. Kí ẹni tí aṣọ hòtẹ́ẹ̀lì wà níkàáwọ́ rẹ̀ dúró ti òṣùwọ̀n, kó ka iye náà sókè ketekete. Tí ti ìjáde bá fi kílò méjì ju ti ìwọlé lọ, kí wọ́n tú ẹrù náà níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ òǹtẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan pé kì í purọ́.

Akọ̀ròyìn kan bi í bóyá òfin náà kan àwọn ọ̀gá ìjọba.

"Ó kàn mí," ni Ọ̀gá Ìràwọ̀ wí, ó fọwọ́ lu àyà. "Ó kan bàbá tó bí mi. Ó kan àwọn tí wọn ò tíì lóyún wọn."

Fún oṣù méjì, wọ́n ń tú ẹrù aláìṣẹ̀ káàkiri. Tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ra ìkòkò irin fún ìyá wọn lójú ọ̀nà, wọ́n sì tú ẹrù wọn síta níwájú ogún ènìyàn, títí dórí àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ìyàwó tuntun náà sunkún. Ní ti àpótí pupa mọ́kànlá, akọ̀wé ló ń ṣáájú wọn, á máa pariwo "Ẹrù ìjọba, ẹ yà," wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n kọjá.

Ìyẹn ì bá máa lọ bẹ́ẹ̀ títí di òní, bí kì í bá ṣe pé akọ̀wé fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ọ̀gá," ó wí lọ́jọ́ kan, "nígbà tá a bá padà sí hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá adágún, kí ló dé tí ẹ ò dúró di ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n wọn ẹrù yín lójú akọ̀ròyìn? Aráyé á rí i pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣòfin náà lẹ ń tẹ̀ lé e. Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú, ẹ fún wọn ní ìràwọ̀ wọn padà, kí inú wọn dùn."

Ọ̀gá Ìràwọ̀ rò ó. Àpótí òfìfo kò lè dójú ti ẹnikẹ́ni. "Ìwọlé nìkan?"

"Ìwọlé nìkan, sà."

"Èrò mi nìyẹn," ni Ọ̀gá wí.

"Èrò yín ni, sà," ni akọ̀wé dáhùn.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n tẹ́ aṣọ pupa dé ẹsẹ̀ òṣùwọ̀n. Akọ̀ròyìn mẹ́fà wá, kámẹ́rà méjì ń wò. Ìyá Alágbàfọ̀ dúró ti òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, ó ti wọ díńgí ojú rẹ̀.

"Ìwọ ìyá yìí, gbóhùn sókè," ni Ọ̀gá Ìràwọ̀ wí fún un. Ìyá náà tó o bí lọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àpótí mọ́kànlá kì í fi "ẹ" ṣòfò lórí alágbàfọ̀.

"Àpótí kìíní, kílò mẹ́ta," ni Ìyá Alágbàfọ̀ kà. "Àpótí kejì, kílò mẹ́ta. Àpótí kẹta, kílò mẹ́ta." Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí ó fi kan ìkọkànlá, tó jẹ́ mẹ́rin nítorí pé òun ló tóbi jù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó wọn báàgì aláṣọ ìyàwó ọ̀gá náà. Kílò mẹ́fà.

Akọ̀ròyìn kan sún mọ́ iwájú, ó béèrè pé, "Ẹ má bínú, sà, ṣé nǹkan wà nínú wọn?"

Òógùn bo Ọ̀gá Ìràwọ̀ níwájú orí. Àmọ́ akọ̀wé ti fò bọ́ síwájú. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin akọ̀ròyìn," ó ní. "Ọ̀gá ńlá tó lágbára láti kó odidi ilé dání, kílò mẹ́ta péré ló fi sínú àpótí. Ìrẹ̀lẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ ti gbé ìrẹ̀lẹ̀ sórí òṣùwọ̀n rí?" Ọkùnrin yìí kan náà ló ní kí wọ́n máa mí hẹlẹhẹlẹ lọ́jọ́ Ẹtì.

Orí Ọ̀gá Ìràwọ̀ wú lójú ẹsẹ̀. "Mo fúyẹ́," ni ó wí, ikùn rẹ̀ sì kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Láti kékeré ni mo ti fúyẹ́. Nígbà tí ìyá mi bá pọ̀n mí, ó máa ń wẹ̀yìn wò bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sin ìlú, kó fúyẹ́ bíi tèmi." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti fi ìka kan ṣoṣo gbé àpótí kẹrin sókè.

Ìyá Alágbàfọ̀ kò pàtẹ́wọ́. Ó lọ bá máníjà nínú ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ń gbé àpótí òfìfo mọ́kànlá wá sílé onílé lásán. Ọkùnrin yẹn ló ń kó aṣọ mi."

Máníjà dìde, ó wo ojú fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. "Màmá, ìràwọ̀ wa ti wà nínú àpò rẹ̀. Lọ́la ló fẹ́ dá a padà. Ẹ fi Ọlọ́run bẹ ara yín, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

"Tí aṣọ bá dín lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?"

Máníjà wo bàtà ara rẹ̀. "Ẹ ti ka lẹ́tà náà," ó ní.

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, rédíò inú yàrá ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Ó dúró níwájú díńgí, ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, àpótí mọ́kànlá wà ní ṣíṣí yí i ká.

"Dádì," ó ní, "ẹ jẹ́ ká fi tọ̀sẹ̀ yìí sílẹ̀. Aṣọ ìnura tó wà nílé á tó wa lò títí àwọn ọmọ á fi bímọ. Ó ti sú mi. Mi ò rántí ìgbà tí mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́jọ́ Sátidé kẹ́yìn."

"O ò gbọ́ rédíò ni? Ẹni tí gbogbo ìlú ti mọ̀ pé ó fúyẹ́, ta ló tún máa wọ̀n ọ́n?"

"Òfin ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n tó bá ń jáde."

"Ta ló ṣòfin?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ìnura róbótó bó ṣe mọ̀ ọ́n ká, kó lè gba púpọ̀. Inú ọ̀gá dùn débi pé lọ́tẹ̀ yìí òun náà dáwọ́ lé e. Ó mú sukudiráfà tó kó wá láti fi kan ìràwọ̀ padà, ó fi tú irin tí omi ń gbà jáde nílé ìwẹ̀. Ó tú aago ara ògiri, ó tú àwòrán pẹ́pẹ́yẹ kan. Ó fi kúbùsù àti ìrọ̀rí mẹ́ta sínú nọ́ńbà kọkànlá, ó jókòó lé e lórí kó tó lè pa dé.

Ní wákàtí yẹn náà, akọ̀wé wà nísàlẹ̀, ó ń pe Mínísítà lórí fóònù. Kò sọ fún ọ̀gá. Ẹ̀bùn ìyàlẹ́nu ló pè é. "Mà," ó wí, "ẹ wá wo ìjáde rẹ̀ lọ́la. Ọkùnrin yìí á fúyẹ́ nígbà tó bá ń jáde ju ìgbà tó wọlé lọ. Gbogbo ayé ló yẹ kó rí i."

Mínísítà ní òun fẹ́ rí i. Ó ti kọ́ ìṣirò fún ogún ọdún, kò sì tíì rí irú ẹ̀ rí.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ọ̀gá Ìràwọ̀ jáde láti inú lífítì, ìyàwó àti àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, wọ́n ń ti àpótí bọ̀ lẹ́yìn. Ó rí aṣọ pupa. Ó rí akọ̀ròyìn, wọn kì í ṣe mẹ́fà mọ́, wọ́n tó ogún. Ó rí Mínísítà tó jókòó ti òṣùwọ̀n, ìwé rẹ̀ wà lórí itan.

"Ọ̀gá, ẹ̀bùn yín rèé," ni akọ̀wé wí, ó ti fa áńkáṣíìfù ọjọ́ Ẹtì yọ. "Ẹ wá fi han ayé."

Ẹnu Ọ̀gá Ìràwọ̀ là, kò sì sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀, ẹ sinmi díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní kò yẹ kí wọ́n fi àkókò Mínísítà ṣòfò. Ó ní orí ń fọ́ ọmọ òun. Ọmọ náà ní orí ò fọ́ òun.

"Òfin yín dára," ni Mínísítà wí. "Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e."

Wọ́n gbé àpótí kìíní lé òṣùwọ̀n. Máníjà ti wá dúró sẹ́yìn Ìyá Alágbàfọ̀. Ó sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Màmá, ẹ kà á sí mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kà á sí mẹ́ta."

Ìyá Alágbàfọ̀ bọ́ díńgí ojú rẹ̀, ó fi etí épírọ́ọ̀nù nù ún, ọwọ́ rẹ̀ sì kan lẹ́tà inú àpò. Ó rò ó pé tóun bá kà á sí mẹ́ta, inú gbogbo ènìyàn á dùn lónìí, òun á sì lọ sílé lọ́la. Ó wọ díńgí rẹ̀ padà.

"Àpótí kìíní," ó wí ketekete, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, "kílò mọ́kànlá."

"Mẹ́jọ lé," ni Mínísítà wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Àpótí kejì, kílò mẹ́tàdínlógún."

"Mẹ́rìnlá lé."

"Atẹ́gùn adágún ni, mà," ni Ọ̀gá Ìràwọ̀ wí. "Awọ àpótí yìí máa ń fa omi."

"Àpótí kẹta, kílò mọ́kàndínlógún."

"Òṣùwọ̀n yìí ti bàjẹ́, mà."

Mínísítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ara òṣùwọ̀n. "Òǹtẹ̀ ta nìyí?"

Ọ̀gá Ìràwọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wo òkè àjà. "Tèmi ni, mà."

"Kí ni òfin wí ká ṣe?"

Ó ti mọ́ akọ̀wé lára láti máa ka òfin náà lákàsórí kí ọ̀gá rẹ̀ lè gbọ́ bó ṣe dùn tó, ẹnu rẹ̀ sì ti lọ kó tó ro nǹkan kan. "Kí wọ́n tú ẹrù náà níbẹ̀," ni akọ̀wé wí, "lójú gbogbo ayé."

Wọ́n tú u. Aṣọ ìnura ta jáde láti inú àpótí kejì bí ẹni pé ó ti ń wá ọ̀nà àtijáde. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé e, tíṣù yí lọ dé ẹsẹ̀ akọ̀ròyìn. Wọ́n gbé irin ilé ìwẹ̀ jáde, wọ́n gbé kẹ́tù jáde. Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán pẹ́pẹ́yẹ jáde, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọn ò sì rí i dá dúró mọ́.

"Àyẹ̀wò ni, mà," ni Ọ̀gá Ìràwọ̀ wí. "Mo fẹ́ fi ara balẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò nílé."

"Pẹ́pẹ́yẹ náà ńkọ́?"

Ọ̀gá Ìràwọ̀ da ojú àwòrán náà bolẹ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀ mú aṣọ ìnura kan, ó yí igun rẹ̀ síta, ó fi òwú búlúù han Mínísítà. Ó mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló fa lẹ́tà yọ nínú àpò rẹ̀. Mínísítà kà á, ó nà án sí máníjà, máníjà sì fà á ya sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tì í, ó sì yẹ kó tì í.

"Ẹ fi káàdì iṣẹ́ yín sílẹ̀," ni Mínísítà wí fún Ọ̀gá Ìràwọ̀, "àti ìràwọ̀ tó wà nínú àpò yín. Ẹ kì í ṣe ọ̀gá níbì kankan mọ́. Àpótí wọ̀nyí ò kúrò níbí, àwọn ọlọ́pàá á fẹ́ rí wọn. Ẹ dá aṣọ wọn padà fún wọn, kí ẹ tó lọ."

"Mi ò lè gbà á báyìí, mà," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Àfi kí n ká a kí n tó mọ iye rẹ̀. Iṣẹ́ ẹnì kan sì kọ́ ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá mi di igun kejì mú."

Ọ̀gá Ìràwọ̀ wá akọ̀wé rẹ̀ pẹ̀lú ojú. Akọ̀wé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mínísítà, ó ti bá a gbé ìwé rẹ̀ dání. "Mà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura," ló ń wí. "Bí ẹ ṣe yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́tàdínlógún yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń fún ilé ní ìràwọ̀ ṣe di igun méjì aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú láàárín ẹnu ọ̀nà, tí Ìyá Alágbàfọ̀ di méjì tó kù mú.

"Ẹ fà á kó le, sà. Ó yá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ fún mi ní tọwọ́ yín. Ẹ padà sẹ́yìn."

Ó lọ, ó bọ̀. Ó lọ, ó bọ̀. Nígbà tó di aṣọ kẹrin, ó ká a gbun, ìyá náà sì tú u, ó ní kí wọ́n tún un ká.

"Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyí, mà?" ni ó béèrè. Akọ̀ròyìn méjì kọ "mà" náà sílẹ̀.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́tàlélógún ni wọ́n jọ ká. Ìyá Alágbàfọ̀ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á pọ̀, ó ní, "Ó pé." Ó mí kanlẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tó báyìí.

Ìyàwó ọ̀gá gbé báàgì aláṣọ rẹ̀ lé òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Kílò mẹ́fà wọlé, kílò mẹ́fà jáde. Ó kúnlẹ̀ fún Mínísítà. "Ìyókù wà nílé, mà," ó ní. "Kí wọ́n rán ọkọ̀ ńlá wá." Lẹ́yìn náà ló ṣí báàgì náà, ó yọ aṣọ ìsùn ọkọ rẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀, ó gbé wọn sórí tábìlì, ó kó àwọn ọmọ sínú takisí. Orí bẹ́ẹ̀dì lásán ni wọ́n máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n tiwọn ni.

Máníjà wá ọ̀rá kan fún Ọ̀gá Ìràwọ̀, irú èyí tí àlejò ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Ó fi aṣọ ìsùn àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n bó ṣe máa ń gbà á. Akọ̀wé ti ṣèlérí pé á fúyẹ́ nígbà tó bá ń jáde ju ìgbà tó wọlé lọ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí akọ̀wé sọ láyé rẹ̀, ẹyọ kan yìí ló jẹ́ òótọ́.

"Ẹ dúró ná, sà," ni Ìyá Alágbàfọ̀ pè é. "Òfin ni."

Ó padà. Ó gbé ọ̀rá náà lé òṣùwọ̀n. Ìyá Alágbàfọ̀ tún díńgí ojú rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Kílò kan," ó ní. "Ẹ lè máa lọ, sà."